Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fọwọ́ ara wọn ṣe bátìrì

Sí Olóòtú,

Ó ń dùn wá pé àwọn ọmọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń há orúkọ àwọn tó hùmọ̀ nǹkan sórí láìfọwọ́ kan ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tí Alessandro Volta, ará Ítálì, kéde ní 1800.

Ẹ wá wáṣà mẹ́rin, irin róbótó oníhò láàárín, tí wọ́n fi síǹkì bò. Ẹ bó rọ́bà ara wáyà bàbà, kí ẹ gé e sí mẹ́rin, kí ẹ sì ká ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ. Ẹ po ṣíbí iyọ̀ méjì mọ́ ìdajì ife omi, ẹ rẹ páálí mẹ́rin sínú rẹ̀, kí ẹ sì fún wọn títí wọn kò fi ní kán mọ́. Bàbà nísàlẹ̀, páálí láàárín, wáṣà lókè: ẹ tò ó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹsẹ̀ gígùn iná LED pupa, ìyẹn gílóòbù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ni kó kan bàbà ìsàlẹ̀, kí kúkúrú kan wáṣà òkè pátápátá.

Tí iná kò bá tàn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ tò. Omi iyọ̀ tó ṣàn láti ìpele kan sí òmíràn ló ń jẹ agbára náà. Ìṣòro yìí bá Volta náà fínra, nítorí ìwúwo irin òkè ń fún omi jáde nísàlẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ha irin kó lè mọ́, bàbà nìkan ni kí ẹ ha. Bí ẹ bá ha wáṣà, síǹkì rẹ̀ á bọ́.

Ọmọ tó bá tan iná yìí ni yóò fẹ́ mọ bí Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fi bátìrì ya sódíọ̀mù, irin tó wà nínú iyọ̀, sọ́tọ̀ ní 1807. Ẹ̀yin òbí, wáṣà yìí wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́. Ẹ bèèrè èyí tó funfun bíi páànù, kì í ṣe dúdú.

Àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì,
Ògbómọ̀ṣọ́