Kí o tó sanwó ilẹ̀ yẹn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé o ti rí ilẹ̀ tó wù ọ́. Àmọ́ ibi tí o ti ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa sanwó ni àyà mi ti já. Jọ̀ọ́, ní sùúrù ná. Ṣé o ti ka òfin ilé kíkọ́ àdúgbò náà, ìyẹn ìlànà tí wọ́n kọ mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀, yàtọ̀ sí ti ìjọba, nípa irú ilé tí èèyàn lè kọ́?

O rántí ilẹ̀ tí mo kọ́kọ́ rà, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 15, gígùn rẹ̀ 30. Mo ti ya ilé sórí ìwé, mo fi yàrá màmá mi sí ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà, kí wọ́n má bàa máa gun àtẹ̀gùn. Ìgbà tí mo sanwó tán ni mo tó ka òfin: fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, 3 lẹ́yìn, 3 lọ́tùn-ún, 3 lósì. Mo gbé èèkàn àti okùn lọ síbẹ̀, mo ta okùn yí ibi tó kù ká. Mítà 9 sí 21 péré! Nínú mítà onígun mẹ́rin 450 tí mo rà, 189 ni mo lè kọ́lé sí. Mo dúró láàárín okùn, mo ń wá ibi tí yàrá màmá mi ìbá wà. Ìta okùn ló bọ́ sí. Omijé bọ́ lójú mi.

Ẹni tó tà á fún mi ti ní bó bá ṣe wù mí ni kí n kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè dúró níwájú ìwé tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ ni irú òfin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ náà, ó rà á tòun tòfin rẹ̀ ni.

Ní kí lọ́yà rẹ bá ọ gba ìwé òfin náà níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe tó ti wọ inú rẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ sì jókòó kà á. Wo ohun tó sọ nípa bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, bó ṣe lè ga tó, irú òrùlé, ẹran ọ̀sìn, owó tí wàá máa san lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, àti bóyá wọ́n dá ìgbà tí o gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé fún ọ. Wo àwòrán ilẹ̀ náà dáadáa pẹ̀lú: bí ojú ọ̀nà omi tàbí wáyà iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, o ò ní lè kọ́lé sórí ibẹ̀. Má sì rò pé ìwé àṣẹ ìjọba pa òfin àdúgbò rẹ́. Méjèèjì lo máa tẹ̀ lé, èyí tó bá sì le jù ló máa dè ọ́.

Ohun tó ṣì ń dùn mí pé mi ò ṣe nìyí: kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ìgbìmọ̀ àdúgbò tó ń yẹ àwòrán ilé wò ò bá fọwọ́ sí tìrẹ, ẹni tó ta ilẹ̀ náà á dá owó rẹ padà.

O ní wàá kọ́ yàrá ìránṣọ sẹ́yìn ilé. Bóyá òfin gba ìyẹn gan-an ni kí o kọ́kọ́ béèrè. Tí ìwé òfin náà bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwòrán ilé, màá bá ọ wọ̀n ọ́n.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́