Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: Oṣù Kọkànlá ní Ṣọ́ọ̀ṣì Abúlé Wa

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kejìlá, 2025.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo dé ibi tí o ti béèrè bóyá lóòótọ́ ni pé àwọn tó gbé ìgbàgbọ́ wá bá wa ti sọ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọn di ilé ọtí. Wọ́n ti sọ àwọn kan dà bẹ́ẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní abúlé wa ṣì ń ṣiṣẹ́ Olúwa, oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí ni mo sì fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ọ, kí o lè fi ojú ara rẹ wò ó.

Kọ́kọ́ mọ̀ pé a ò dá víkà, ìyẹn àlùfáà ìjọ, ní. Abúlé mélòó kan ló pín víkà kan lò. Bí wọ́n bá parí ìsìn lọ́dọ̀ wa, kíá ni wọ́n á ti wọ mọ́tò lọ sí abúlé kejì, aṣọ oyè àlùfáà á sì tẹ́ sórí àga ẹ̀yìn. Obìnrin ni wọ́n o. Má yanu. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ń fi obìnrin jẹ àlùfáà nínú Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Láti ọdún 2019 sì ni òfin ìjọ kò ti fi dandan mú ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan mọ́ pé kó máa ṣe ìsìn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí abúlé kan nínú wọn bá ṣáà ti ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ìsìn ọ̀sẹ̀ kan kì í fi jọ ti èkejì. Ẹni tí kò bá yẹ ìwé ẹnu ọ̀nà wò, àgádágodo ni yóò bá lẹ́nu ìlẹ̀kùn.

Lọ́dún yìí, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ kejì oṣù, ọjọ́ ìrántí àwọn olóògbé gan-an. A gba Ìdàpọ̀ Mímọ́ láàárọ̀, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a padà wá tan àbẹ́là. Ìwé kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìrìbọmi láti ọjọ́ mélòó kan, kí olúkúlùkù kọ orúkọ òkú rẹ̀ sí i. Mo kọ ti ìyá mi. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, víkà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí n pe orúkọ náà fún àwọn. Mo pè é, wọ́n pè é tẹ̀lé mi, mo tún un ṣe, wọ́n tún un pè, wọ́n wá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí ìwé bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n kà á jáde láàárín àwọn orúkọ Òyìnbó yẹn, ó dún dáadáa. Ìyá Ìbejì, mo sunkún.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ìrántí àwọn ọmọ ogun. Ọjọ́ yẹn nìkan, yàtọ̀ sí Kérésìmesì, ni o lè má rí àyè jókòó sí. Òdòdó pupa tí wọ́n fi bébà ṣe wà láyà gbogbo èèyàn. Àwọn tó ń lu agogo so awọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ahọ́n agogo, tó fi jẹ́ pé bó bá lù lẹ́ẹ̀kan á dún gbọ̀ngbọ̀n, bó bá tún lù á dún bí ẹni pé òdìkejì odò ló ti ń wá. Wọ́n ka orúkọ àwọn ọmọ abúlé tí ogun 1914 sí 1918 gbé lọ, láti ara òkúta tó wà lára ògiri, orúkọ ìdílé ọ̀kan nínú wọn sì ni wọ́dìn wa, alábòójútó ìjọ, ń jẹ́ títí dòní. Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, gbogbo wa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Ajá ẹnì kan nìkan ló mí kanlẹ̀. Mo ronú kan àwọn tiwa tí wọ́n kó lọ jagun ní Burma, tí a sì ti gbé ìrántí tiwọn sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní. Àmọ́ kí n sọ tinú mi: ọjọ́ abúlé lọjọ́ yẹn, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo èrò yẹn ti tú ká.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀, a ò tó mẹ́wàá, kò sí orin, kò sí dùùrù. Ẹ̀rọ amúlégbóná ń pariwo lásán, kóòtù sì wà lọ́rùn kálukú. Ọ̀rọ̀ ìwé àdúrà ọdún 1662 ni wọ́n ń kà, ìwé kan náà tí Ajayi Crowther túmọ̀ fún wa. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí a ti ń jẹ́wọ́ pé a ò yẹ lẹ́ni tí í ṣa èérún abẹ́ tábìlì Olúwa, Yorùbá ló jáde lẹ́nu tèmi, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́dìn tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́, ó sì bi mí léèrè lẹ́yìn ìsìn. Mo sọ fún un pé ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury ni wọ́n ti fi Crowther, ọmọ Yorùbá, jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864. Kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀!

Ìsìn alẹ́ la ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lay reader, ọmọ ìjọ tí wọ́n fún láṣẹ láti darí ìsìn, ló darí rẹ̀, kò pẹ́ rárá. Nígbà tó ka àdúrà ọjọ́ náà, èyí tó ní kí Olúwa ru ìfẹ́ ọkàn àwọn olóòótọ́ sókè, àwọn ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni "ru sókè" àti "po" lédè Gẹ̀ẹ́sì, àdúrà yẹn ló sì máa ń rán wọn létí pé ó ti tó àkókò láti po púdìńgì Kérésìmesì.

Bí oṣù bá ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, gbogbo abúlé á pàdé sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo. Abúlé kejì ló kàn lọ́tẹ̀ yìí, ibẹ̀ la ti tan àbẹ́là àkọ́kọ́ fún Bíbọ̀ Olúwa, tí aṣọ pẹpẹ sì di àwọ̀ àlùkò. Kò jìnnà, ẹlẹ́sẹ̀ á rìn ín dé. Síbẹ̀ bàbá kan láàárín wa fárí gá pé òun ò ní jọ́sìn ní "ọ̀dọ̀ àwọn yẹn." O ò rí i pé ìjà ṣọ́ọ̀ṣì ò láwọ̀!

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé orí ewú ló pọ̀ jù láàárín wa. Àwọn àgbà yìí ló ń tún òdòdó ṣe, àwọn ló ń ka owó igbá ọrẹ, àwọn ló ń gun òkè ilé agogo. Ìjọba kì í san owó oṣù àlùfáà níbí o, bí a ṣe rò nílé. Ìjọ ló ń dáwó fún dáyósíìsì, ìyẹn àgbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń ṣàkóso, bíi ti asẹ́sìmẹ́ǹtì tiwa, bí òrùlé bá sì ń jò, àwọn náà ni wọ́n á wá owó rẹ̀. Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ wọn? Wọ́n ti ń wo ojú mi.

Wọ́n tiẹ̀ ti fún mi níṣẹ́. Èmi ni mo máa ka ẹ̀kọ́ láti inú Aísáyà orí kẹsàn-án lálẹ́ ìsìn ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án àti orin Kérésìmesì. Ìwọ tó o ti ń kà á nínú ìjọ yín lọ́dọọdún, kọ̀wé sí mi kíákíá, kí o sọ ibi tí èèyàn ti ń mí. Bá mi kí ẹgbẹ́ akọrin.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré.