Ẹ gbé fíìmù Bateson wá sí Ẹ̀pẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí fíìmù tí Nora Bateson ṣe nípa bàbá rẹ̀, Gregory Bateson, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn àti àṣà wọn, tí wọ́n fi hàn l'Ékòó. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó gbé e wá kí wọ́n gbé e dé Ẹ̀pẹ́ náà, kí ẹnì kan sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1980 yìí kọ̀wé nípa adágún Erie ní Amẹ́ríkà pé ó wà lára ìrònú wa: bí a bá fi ìdọ̀tí da orí rẹ̀ rú, àrùn náà á wọ inú èrò tiwa. Ọ̀rọ̀ ọ̀sà wa gan-an nìyẹn! Awayanrìn á rú ìsàlẹ̀ omi, ibi tí ẹja ń yé sí á bàjẹ́, àwọ̀n á gòkè lófìfo, ẹja á wọ́n lọ́jà Olúwo. Onílé tó ra yanrìn náà kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n fi hàn níbẹ̀, kí apẹja àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ jókòó wò ó.

Èmi ni tiyín,
Oníṣòwò ẹja, Ẹ̀pẹ́