Ẹni tó sanwó fọ́tò kọ́ ló ni ín

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, fọ́tò ilé ni mo ń yà jẹun, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo fọ́tò wa láì bèèrè sì ti ń dùn mí ó ti pẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, màdáàmù kan tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ inú ilé pè mí sí ilé kan ní Ijapo pé kí n wá ya pálọ̀ àti kíṣìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Àtàárọ̀ la ti wà níbẹ̀, a sún àga síbí sún un sọ́hùn-ún, a na kọ́tìnnì, a wá dúró de oòrùn títí ó fi gba wíńdò wọlé nírọ̀lẹ́, torí kò sí gílóòbù tó lè fún èèyàn nírú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Wọ́n sanwó mi pé, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àdéhùn wa ni pé Instagram tiwọn nìkan ni wọ́n máa gbé e sí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo rí i nínú máàgásíìnì, kò sí orúkọ mi, ìgbà tó yá mo tún bá a lára bíbọ́ọ̀dù oní-táìlì kan lọ́nà Ọba Adésidà, wọ́n ti gé e, wọ́n ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Mo bi wọ́n, kálukú ní ẹnìkan ló fún òun.

Òfin Copyright ti 2022, ìyẹn òfin tó sọ ẹni tó ni iṣẹ́ bíi fọ́tò, orin àti ìwé, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023, ti sọ ọ́: tí èèyàn bá gbé iṣẹ́ fọ́tò fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀, ẹni tó yà á ló ni ín, àfi tí wọ́n bá jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó o bá sì fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ yẹn fún ẹlòmíì pátápátá, ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó, ìwé ni. Àyè láti lò ó ni màdáàmù ní, bí ẹni tó háyà ilé, kò lè wá máa háyà ẹ̀ fún ẹlòmíì láì sọ fún onílé.

Mi ò ní kí wọ́n má lo fọ́tò wa o. Kí wọ́n ṣáà bèèrè: ṣé inú ìwé ni àbí ìpolówó, oṣù mélòó, torí owó Instagram àti owó bíbọ́ọ̀dù ò lè jẹ́ iye kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ní ojú ìwé ọ̀ṣọ́ ilé yín, ẹ yé kọ "Fọ́tò: Google" sábẹ́ àwòrán. Ẹ wá ẹni tó yà á kàn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ayafọ́tò kan,
Àkúrẹ́