Ẹ Sọ̀ Kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ wa, pàápàá ẹ̀yin ọmọbìnrin, mo kí yín.

Ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ gbé ilé mi nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà wà ní àtìmọ́lé níbí ní Texas bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ló ń fi káàdì báǹkì àwọn ẹlòmíì ra ọjà; ọmọbìnrin náà ló ń wa ọkọ̀, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ń sá láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn títí ọwọ́ fi bà wọ́n. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹkún rẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n àwòrán kan tó gbé sórí Instagram kí wọ́n tó mú wọn ni kò jẹ́ kí n sùn: òun àti ọmọkùnrin yẹn fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó wá kọ "Bonnie and Clyde" sábẹ́ rẹ̀, orúkọ olólùfẹ́ méjì tó ń jalè, tó ń pànìyàn kiri ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yìn ín. Ọ̀kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé irú ìfẹ́ tí òun ń wá nìyẹn.

Irú ìfẹ́ wo?

Ìlú Dallas tí mò ń gbé yìí ni wọ́n sin Bonnie Parker sí. Ẹni ọdún 23 ni nígbà tí òun àti Clyde Barrow kú ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1934, lójú ọ̀nà ìgbèríko kan nítòsí Gibsland ní Louisiana. Agbófinró mẹ́fà ló lúgọ dè wọ́n nínú igbó. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń jalè ni wọ́n fi ṣe ìjẹ lẹ́bàá ọ̀nà kí Clyde lè dẹ eré. Ọta tí wọ́n yìn lé ní ọgọ́rùn-ún. Fíìmù tí Arthur Penn ṣe nípa wọn ní 1967 fi ikú yẹn hàn, kò fi bò. Ohun tó ṣáájú ikú ló fi bò. Ní 1933, ọkọ̀ wọn já sí kòtò odò, omi bátìrì jó ẹsẹ̀ Bonnie débi pé kò lè rìn dáadáa mọ́ títí tó fi kú. Gbígbé ni Clyde ń gbé e. Clyde fúnra rẹ̀ ń tiro, torí wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́wọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀ kó má baà ṣiṣẹ́ oko. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn. Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké àti ilé epo ni wọ́n ń jà lólè jù, kì í ṣe báǹkì ńláńlá. Faye Dunaway tó ṣe Bonnie nínú fíìmù kò tiro rárá. Bẹ́rẹ́ẹ̀tì ló dé, ó dùn ún wò, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́rẹ́ẹ̀tì yẹn dé Ìbàdàn náà. Ọmọge ni mí nígbà náà. Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, ó rẹwà, ó ń dé e gẹ̀rẹ̀gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń bá ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ kiri. Ogun Bìáfírà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìbọn pọ̀ nílùú, ìjọba ológun sì ti ṣe òfin ní 1970 pé ikú ni ìyà adigunjalè. Ní 1971 ni wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi, adigunjalè olókìkí, ní Bar Beach l'Ékòó níṣojú ẹgbàágbèje èèyàn. Gbogbo wa gbọ́. Ọmọ yẹn náà gbọ́. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ sígbà náà ni wọ́n wá gbé e ní ìdájí, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣe kò ju pé ó ń tọ́jú àpò ọkùnrin náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹ̀kọ, ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lójoojúmọ́. Mo ṣì ń rí i bó ṣe máa ń fi ìró bo abọ́ náà nítorí eruku. Kò sẹ́ni tó ṣe fíìmù nípa rẹ̀.

Ìyá ni wọn kì í fi hàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìyá Bonnie kọ̀, ó ní wọn ò ní sin ọmọ òun pọ̀ mọ́ Clyde, ìdí nìyẹn tí itẹ́ òkú wọn fi yàtọ̀ síra ní Dallas títí dòní. Nígbà tó di 1935, ìjọba kó àwọn ẹbí lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n fi àwọn ọmọ wọn pamọ́. Ìyá méjèèjì sì fi ẹ̀wọ̀n ọgbọ̀n ọjọ́ jura. Àwọn ọlọ́pàá ojú pópó méjì tí wọ́n pa nítòsí Grapevine lọ́jọ́ Àjíǹde 1934 ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn ń múra ìgbéyàwó lóṣù yẹn. Ta ló fi orúkọ tiẹ̀ sábẹ́ àwòrán?

Mo ti wo púpọ̀ nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí, mi ò bá yín jà lórí ohun tí mi ò mọ̀. Nínú They Live by Night, ọmọkùnrin kú, ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú oyún. Nínú Gun Crazy ti 1950, ọkọ fọwọ́ ara rẹ̀ yìnbọn pa ìyàwó nínú àbàtà. Nígbà yẹn, òfin Hollywood ni pé ọ̀daràn kò gbọ́dọ̀ jèrè. Badlands ti 1973 ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, nítorí ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń sọ ìtàn ìpànìyàn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn olólùfẹ́. Nebraska ni gbòǹgbò ìtàn yẹn, ọdún 1958: Charles Starkweather, ọmọ ọdún 19, pẹ̀lú ọmọbìnrin ọdún 14. Nínú fíìmù, bàbá nìkan ló kú nílé. Ní òtítọ́, ìyá ọmọ náà kú, ọkọ ìyá rẹ̀ kú, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún méjì kú. Wọ́n fi àga iná mànàmáná pa ọmọkùnrin ní 1959, ọmọbìnrin ò rí òmìnira títí di 1976. Natural Born Killers wá dé ní 1994, àwọn méjèèjì lọ lómìnira, wọ́n tún bímọ! Ní 1995 ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan láti Oklahoma wò ó, wọ́n wakọ̀ jáde, wọ́n pa ọkùnrin kan ní Mississippi, wọ́n sì yìnbọn lu obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Louisiana, kò rìn mọ́.

Ẹ óò sọ pé Queen & Slim, fíìmù 2019 nípa ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin kan tó ń sá lẹ́yìn tí wọ́n pa ọlọ́pàá, yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn yẹn ò jáde lọ jalè. Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ yìnbọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọmọdékùnrin tó ya fọ́tò wọn níwájú ọkọ̀, fọ́tò tí ẹ ń fara wé yẹn gan-an. Ọmọ yẹn lọ yìnbọn fún ọlọ́pàá níbi ìwọ́de, ó sì kú. Àwọn tó ṣe fíìmù ti rí ohun tí fọ́tò lè ṣe. Ẹ̀yin ni ẹ ò wò ó dópin!

Ọkùnrin tó bá ní kó o pa fóònù rẹ kí ìyá rẹ má baà rí ọ pè, sá fún un. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní àkáǹtì yín. Ẹ má fi orúkọ yín háyà ọkọ̀ fún un. Ní Texas, òfin lè mú ẹni tó wakọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é, ìfẹ́ kì í ṣe àwíjàre níwájú adájọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin, bó o bá fẹ́ràn rẹ̀, kí ló ń ṣe nínú ọkọ̀ yẹn?

Ìyá ọmọ tí mo bẹ̀ wò ti ta ọkọ̀ rẹ̀ fún owó lọ́yà, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síṣẹ́ alẹ́.

Ìwọ tó o ti wà nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, níbi tí ẹ bá ti dúró ra epo, sọ̀ kalẹ̀. Pe ilé. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti pe ìyá rẹ, pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pe pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù. Bí o bá wà nítòsí Dallas, máa bọ̀ nílé mi, bó jẹ́ òru. A ó jọ wá lọ́yà kó o tó lọ bá ọlọ́pàá.

Ìyá yín, ní Dallas.