Ẹ̀bùn Kò Lè Rọ́pò Ẹ̀tọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ yín ń dáwó jọ láti ra ẹ̀bùn fún ìyá tí ń gbálẹ̀ ilé ìjọsìn. Ẹ rà á fún un. Àmọ́ ìwọ náà ni o kọ ọ́ pé owó oṣù rẹ̀ kì í tètè jáde, pé ìgbà mìíràn wà tí oṣù tuntun á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì kí wọ́n tó san án. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Nínú Diutarónómì orí 24, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí a san owó alágbàṣe tí ó jẹ́ tálákà lọ́jọ́ tí ó ṣiṣẹ́, kí oòrùn tó wọ̀. Kò pe owó náà ní ìrànwọ́. Ní ti Ámósì orí 5, àwọn tí ń kọrin tí wọ́n sì ń rúbọ, tí wọ́n tún ń tẹ tálákà mọ́lẹ̀, ni Ọlọ́run ní kí wọ́n mú ariwo orin wọn kúrò lọ́dọ̀ òun. Ẹ jọ ka orí méjèèjì yìí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ìyá náà fúnra rẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá ó fẹ́ kí ẹ dá sí i, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, òun ni iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ó bá ní kí ẹ má ṣe dárúkọ òun, ẹ má dárúkọ rẹ̀. Ẹ má sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook rárá. Bí ó bá gbà, ẹ fi sùúrù béèrè lọ́wọ́ akápò ọjọ́ tí owó yẹ kí ó jáde àti ẹni tí ó ń fọwọ́ sí i. Ó lè jẹ́ pé kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀, pé ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé kì í sí nítòsí ni (irú èyí pọ̀ ju ìwà ibi lọ). Nígbà náà ni kí ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìjọ, kí ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: ọjọ́ ìsanwó tí kì í yẹ̀.

Wọ́n lè ní ọmọdé ni yín. Ní oṣù Kẹta ọdún 1955, Claudette Colvin, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ ọdún 15, kọ̀ láti dìde lórí ìjókòó rẹ̀ fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì ní Montgomery, ní Amẹ́ríkà, àwọn ọlọ́pàá sì mú un. Rosa Parks, tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ni òkìkí rẹ̀ kàn. Síbẹ̀ Colvin wà lára àwọn obìnrin tí wọ́n pe ẹjọ́ tí ó fòpin sí yíya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì ìlú náà ní 1956. Ẹ̀yin náà lè má gba ọpẹ́ kankan.

Bí ẹ bá kọ ìwé náà tán, fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kí ẹ tó fi jíṣẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ.