Igbe alẹ́ tí ẹ gbọ́ nínú fóònù

Chicago, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Igbe tí ẹ gbọ́ nígbà tí a jọ ń sọ̀rọ̀, iwin kọ́, ẹranko tí wọ́n ń pè ní coyote ni. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí Ẹrẹ́nà ni akọ rẹ̀ ń wá abo, ìyẹn ni ariwo fi pọ̀. Méjì péré lè ké kí etí gbọ́ ọ bí mẹ́wàá, torí wọ́n ń yí ohùn padà wéréwéré.

Ẹnu àwọn Aztec ilẹ̀ Mẹ́síkò ni orúkọ náà ti wá: coyotl, kí àwọn ará Sípéènì tó yí i padà. Ìkookò pápá ni àwọn òyìnbó ibí kọ́kọ́ sọ ọ́. Lọ́dún 1823, Thomas Say, onímọ̀ nípa ẹranko, fún un lórúkọ Látìnì, Canis latrans, ìyẹn ajá tí ń gbó. Lóòótọ́, gbígbó ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ igbe rẹ̀. Ní Yorùbá, ẹ má pè é ní ìkookò fún àwọn ọmọ, ìkookò tóbi jù ú lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà kéré sí i. Ajáko ló sún mọ́ ọn jù. Àwọn òyìnbó kan tilẹ̀ ń pè é ní ajáko Amẹ́ríkà.

Ẹ wo ìrù rẹ̀: ó kún, ṣóńṣó rẹ̀ dúdú, ìsàlẹ̀ ló sì máa ń wà bó bá ń sáré. Etí rẹ̀ nà ṣánṣán, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó.

Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ má sáré rárá, torí ó lè lé yín bí ajá ṣe ń lé ohun tó ń sá. Ẹ gbé ọmọ nílẹ̀, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ pariwo mọ́ ọn, kí ẹ wá máa fẹ̀yìn rìn, kí ojú yín má kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù Igbe tí ẹ ń bọ̀ yìí ni wọ́n ń bímọ. Bí ọ̀kan bá dúró sójú kan tó ń wò yín, tí kò lọ, ihò ọmọ rẹ̀ lè wà nítòsí. Ẹ rọra padà, kí ẹ gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àjẹkù sí ẹ̀yìnkùlé bí a ti ń ṣe fún adìẹ nílé. Oúnjẹ ọwọ́ èèyàn ló ń sọ ọ́ di aláìbẹ̀rù, ibẹ̀ ni ìbùnijẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ fún Àkàndé pé coyote tí wọ́n ń dárúkọ nínú ìròyìn bodè Mẹ́síkò kì í ṣe ẹranko: àwọn tí ń gbowó kó èèyàn kọjá bodè lọ́nà ẹ̀bùrú ni. Kó má bá wọn dá nǹkan kan pọ̀.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́